Ẹ Jẹ́ Kí A Fọwọ́ Kan Sáfà Ilé-Ìwé Wa

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá nìyí tí wọ́n ti ti yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa pa. Àgádágodo ńlá kan ni wọ́n fi há ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ wọlé. Ìdí tí wọ́n sọ fún wa nígbà tí a tò lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ la ba sáfà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ tí sáfà bàjẹ́. Ẹ̀yìn ẹni tó bà á jẹ́ ni mo dúró sí, mo sì rí àṣẹ tó tẹ̀. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Àgbàlagbà ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì fi ń jẹun.

Mi ò kọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, nítorí náà mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé-ìwé wa. Èrò kan ni mo fẹ́ bá jà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí wa. Èrò náà ni pé bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ pẹ́, kí a má jẹ́ kí ọmọdé mọ inú rẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń gbé sọ́fítíwíà sórí sáfà, kí ẹ sì kọ́ wa bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò, yíyọ gan-an ju gbígbé lọ, kí ó sì jẹ́ níwájú ẹ̀rọ, kì í ṣe níwájú pátákó ìkọ̀wé. Àìmọ̀ ló pa sáfà wa. Àgádágodo kò sì lè wo àìmọ̀ sàn. (Òwe kan wà tó dárúkọ ọmọdé, àgbà àti Ilé-Ifẹ̀, tí gbogbo wa máa ń fi bẹ̀rẹ̀ irú àròkọ báyìí. Mi ò ní pa á. Ẹ ti mọ̀ ọ́n.)

Fún òbí tí kò bá mọ ohun tí sáfà jẹ́, kọ̀ǹpútà ni bíi ti yòókù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tó jókòó ti ìkòkò rẹ̀: àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ló ń gbé abọ́ wá, òun ló ń bu oúnjẹ fún wọn. Ubuntu Server ni tiwa ń lò. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde ní ilé-ìwé wa ló fi ta wá lọ́rẹ pẹ̀lú ogún kọ̀ǹpútà. Nǹkan méjì wà lórí rẹ̀ tí a fẹ́ràn. Ọ̀kan ni Wikipedia, tí ètò kan tó ń jẹ́ Kiwix ń gbé jáde fún wa láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni kò ra dátà. Èkejì ni Moodle, níbi tí olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa àti olùkọ́ ìṣirò ti tẹ ìbéèrè sí fún wa láti fi dánra wò kí ìdánwò àṣekágbá tó dé. Odidi táàmù méjì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Púpọ̀ nínú wa kò ní kọ̀ǹpútà nílé. Ibẹ̀ nìkan la ti ń rí i lò.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò já bọ́ látọ̀run sórí sáfà. Ẹnì kan ló gbé wọn síbẹ̀ ní ìdì-ìdì. Package ni àwọn tó ń ṣe é ń pe ìdì kọ̀ọ̀kan. Inú ìdì ni sọ́fítíwíà náà wà, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó sọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀, àti àwọn ìdì mìíràn tó gbọ́dọ̀ wà nílé kí òun tó lè ṣiṣẹ́. Bí o bá tẹ apt install, tí o sì dárúkọ ìdì kan, apt yóò ka ìwé náà, yóò wá àwọn yòókù lọ, yóò sì kó gbogbo wọn dé papọ̀. Bí ẹni pe onílù kan sóde ìnáwó ni: ìyáàlù kì í dá wá, ìwọ pe ẹnì kan, èèyàn méje ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìyá mi ń ta èlò ọbẹ̀ lọ́jà. Ó ní ìwé gígùn kan tó ń kọ gbogbo ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sí, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ lórí ìwé yẹn. Dpkg, ètò tó wà lábẹ́ apt, ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Fáìlì kan ni, orúkọ rẹ̀ ni /var/lib/dpkg/status, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè ṣí kó sì kà. Gbogbo ìdì tó wà lórí sáfà, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tún ní àkọsílẹ̀ mìíràn tó to gbogbo fáìlì tí ìdì kọ̀ọ̀kan kó wá. Ìdí nìyí tí a fi lè yọ ìdì kan láìṣe aládùúgbò rẹ̀ léṣe. Ibi tí ìdì ti ń wá pàápàá ní òǹtẹ̀: apt yóò yẹ òǹtẹ̀ náà wò, bí kò bá bá a mu, yóò kọ̀ ọ́. Ẹ fi ìyẹn wé fláàṣì tí wọ́n ń gbé láti ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Níbi yíyọ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Lórí fóònù, o kàn máa tẹ ìka mọ́ àwòrán ètò náà pẹ́ díẹ̀ ni, o ní kó máa lọ, ó lọ. Lórí sáfà, ọ̀nà yíyọ tó wọ́pọ̀ jẹ́ mẹ́ta, wọn kò sì jọ ara wọn. Apt remove yóò kó sọ́fítíwíà lọ, ṣùgbọ́n yóò fi àwọn ètò tí o ti tò sínú /etc sílẹ̀, nítorí bóyá o máa padà wá. Ayálégbé tó rìnrìn àjò tó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ onílé nìyẹn. Apt purge yóò kó àwọn ètò náà lọ pẹ̀lú, yóò sì gbá ilẹ̀ yàrá. Apt autoremove ní tirẹ̀ ń wá àwọn ìdì tó jẹ́ pé wọ́n tẹ̀lé ẹlòmíràn wá, tí ẹni tí wọ́n tẹ̀lé ti lọ, tí kò sì sí ẹni tó ń lò wọ́n mọ́: àwọn ọmọlẹ́yìn onílù tí òde ti tú, tí wọ́n ṣì jókòó ti àmàlà. Bí ó bá wá jẹ́ pé ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé ni o fẹ́ purge, irú bíi MariaDB, yóò dúró láàárín ọ̀nà, yóò sì bi ọ́ léèrè bóyá kí òun pa gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ rẹ́, tàbí kí òun fi wọ́n sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Orí ìbéèrè yẹn ni iṣẹ́ táàmù méjì àwọn olùkọ́ wa dúró lé.

Ọjọ́rú kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Moodle kò ṣí mọ́. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa kò sí nítòsí, wọ́n ti rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ìlú. Èmi àti akẹgbẹ́ mi kan ni wọ́n ní kí a gbé àga fún un, kí a sì dúró tì í bóyá yóò béèrè omi. Ó wò ó díẹ̀, ó ní MariaDB tí Moodle ń kó àkọsílẹ̀ sí ti dìdàkudà, òun máa yọ ọ́, òun á sì fi òmíràn sí i. Ìwà fóònù nìyẹn. Ó tẹ apt purge mariadb*. Orúkọ gbogbo ìdì tó máa lọ tò sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ó gùn. Kò kà á. Ó tẹ Y. Ìgbà náà ni ìbéèrè tí mo sọ yẹn yọ.

Mo ti rí ìbéèrè náà rí, lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ nílé nígbà tó lọ sí Pólì. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì tẹ Yes, gbogbo ìbéèrè ìdánwò wa ló wà níbẹ̀." Ó yíjú, ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè?" Olùkọ́ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní kí n bọ́ síta, pé ọmọ tí a kọ́ nílé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo ń jáde lọ. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ tó tẹ Enter.

Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ sáfà, ó gbé MariaDB tuntun wá. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Nígbà tí olùkọ́ wa fi dé lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà ti ṣàlàyé pé iná NEPA tó ń lọ tó ń bọ̀ àti eré tí àwọn ọmọ ń ṣe lórí ẹ̀rọ ló fà á. A sì ti gbọ́ tiwa lórí ìlà. Olùkọ́ wa pè mí, a jọ ṣí fáìlì kan tó ń jẹ́ /var/log/apt/history.log. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán apt ló ń kọ síbẹ̀: ọjọ́, aago, àṣẹ tí wọ́n tẹ̀, ìdì tó wọlé, ìdì tó jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan lo sudo láti gba agbára ọ̀gá, orúkọ tó fi wọlé yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A rí i. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, apt purge mariadb*. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò sí lórí rẹ̀, torí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní sudo.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí a rí nínú fáìlì kejì, syslog. Kò sí ohun tó ṣe MariaDB tẹ́lẹ̀. Àyè ló tán lórí dísìkì, sáfà sì ti ń ké láti ọjọ́ mélòó kan pé òun kò rí ibi kọ̀wé sí mọ́. Àwọn kernel àtijọ́, ìyẹn ọkàn ètò náà gan-an tí Ubuntu ń pààrọ̀ nígbàkígbà tó bá gba àtúnṣe tuntun, wà níbẹ̀ jọ gẹlẹtẹ, kò sẹ́ni tó kó wọn dànù. Apt autoremove ni ì bá kó wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n ì bá ti ṣe é kí agogo oúnjẹ tó lù.

Kí n má purọ́: bí ẹnì kan bá ti da àkọsílẹ̀ náà kọ sínú fláàṣì kan pamọ́, ọ̀rọ̀ kì bá tí rí báyìí. A kò ṣe é. Olùkọ́ wa gbà pé ẹ̀bi òun wà níbẹ̀. Tèmi náà wà níbẹ̀, mo mọ̀, mi ò sì rán an létí.

A tẹ ojú-ìwé náà sórí bébà, olùkọ́ wa mú un lọ sí ọ́fíìsì. Èsì tó bá wa ni pé kí àgádágodo ṣì wà ná, torí ọmọ tó bá mọ irú nǹkan báyìí ló léwu jù.

Mo ti ro gbólóhùn yẹn títí. Ẹni tí kò kàwé tó wà lójú ẹ̀rọ pa iṣẹ́ táàmù méjì rẹ́, wọ́n sanwó fún un, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kà á, òun ló léwu. Bí ìyá mi bá fi ojú yẹn wò mí, kò ní jẹ́ kí n mú ọ̀bẹ títí tí n ó fi relé ọkọ, yóò wá máa ṣe kàyéfì pé mi ò lè gé ilá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iye ọdún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan wọ̀nyí. Linus Torvalds, ọmọ Finland, jẹ́ ẹni ọdún 21, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ní Yunifásítì Helsinki, nígbà tó gbé Linux jáde ní 1991. Ian Murdock jẹ́ ẹni ọdún 20, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, nígbà tó dá Debian sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1993. Orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Debra, ló pa pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ubuntu tó wà lórí sáfà wa, orí Debian ni wọ́n kọ́ ọ lé. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004, orúkọ náà sì wá láti inú èdè àwọn Zulu àti Xhosa. Debian 12, tó jáde ní 2023, ní ìdì tó lé ní 64,000, ọ̀fẹ́ sì ni. Torvalds àti Murdock fi ọdún bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún jù mí lọ nígbà yẹn. Ohun tí ọjọ́ orí wọn kò dí wọn lọ́wọ́ láti dá sílẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ orí tèmi kò jẹ́ kí n lè kà.

Àwọn òbí kan yóò ní, kí ni ẹ fẹ́ kọ́ níbẹ̀, ṣebí ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbé ètò sórí fóònù ìyá rẹ̀? Òótọ́ ni. Ìṣòro náà gan-an nìyẹn. Lórí fóònù, ètò kọ̀ọ̀kan ń gbé yàrá tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá kó jáde, èkejì kò ní gbọ́. Agboolé ni sáfà. Bí o bá lé ẹnì kan jáde níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń jẹ lábẹ́ rẹ̀. Fóònù ti fi kọ́ wa, tọmọdé tàgbà, pé kí a máa tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkàwé, àwa la sì máa gbé ìwà yẹn dé ibi iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn lọ́la.

Kì í ṣe ní ìlú wa nìkan. Ní 2021, Linus Sebastian, ọmọ Kánádà kan tí àìmọye èèyàn ń wo fídíò rẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà, fẹ́ gbé Steam, ètò géèmù kan, sórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Pop!_OS, tí wọ́n kọ́ lé orí Ubuntu. Ìṣòro kan wà nínú àwọn ìdì náà lọ́jọ́ yẹn. Apt kìlọ̀ fún un pé bí òun bá gbé e wọlé, òun máa yọ àwọn ìdì tí kò yẹ kí ẹ̀rọ wà láìní wọn, àti pé bí ó bá dá a lójú, kí ó tẹ odidi gbólóhùn kan tó túmọ̀ sí "Bẹ́ẹ̀ ni, ṣe bí mo ṣe wí!" Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ojú-iṣẹ́ aláwòrán tó ń lò pòórá, ó ku lẹ́tà funfun lórí ojú dúdú. Ọlọ́pọlọ ni ọkùnrin yẹn, ó mọ kọ̀ǹpútà ju èmi lọ fíìfíì. Kò kàn kà á ni.

Ní ìdàkejì, ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund, ẹlẹ́rọ kan ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ti ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan ti fi pamọ́ sínú ìdì kékeré kan tó ń jẹ́ xz, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ìdì náà ti wọ Debian tí wọ́n fi ń dánra wò, kò tíì wọ èyí tí wọ́n là kalẹ̀ fún iṣẹ́ gidi. Wọ́n yọ ọ́ kíá, wọ́n dá ẹ̀dà àtijọ́ padà. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ló da ọkùnrin yìí láàmú. Tiwa ń ké fún ọjọ́ mélòó kan gbáko, kò sẹ́ni tó gbọ́, torí gbogbo ẹni tó lè gbọ́ ni wọ́n ní kó dúró síta.

Àwọn mìíràn ní kò sí nínú ìdánwò. Mo ti kọ ìtumọ̀ sọ́fítíwíà sínú ìwé àjákọ mi ní JSS1, mo tún un kọ ní JSS3, mo tún un kọ ní SS1. Ìtumọ̀ kan náà ni, kódà àmì ìdánudúró rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó gba ipò kìíní nínú kọ̀ǹpútà ní kíláàsì wa lọ́dún tó kọjá sọ fún mi pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ pé òun kò tíì tan kọ̀ǹpútà rí. Mi ò fi í ṣe ẹlẹ́yà, ó ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: bí wọ́n bá kọ́ ọmọ yín ní odò wíwẹ̀ lórí pátákó fún ọdún mẹ́fà, ṣé ẹ máa jẹ́ kó bọ́ sínú odò?

Èyí tó lágbára nínú àríyànjiyàn wọn ni pé a máa bà á jẹ́. Mo gbà pé a lè bà á jẹ́, torí mo ti ba tèmi jẹ́ rí. Nígbà tí àyè tán lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ autoremove. Mo wọ inú /usr/share, mo rí fódà ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ kò yé mi, mo fi rm pa á rẹ́, mo sì yọ̀ pé mo gbọ́n. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, ètò tí mo fi ń kọ lẹ́tà kò ṣí. Èyí tó tún burú ni pé dpkg kò mọ̀. Nínú ìwé tirẹ̀, ìdì náà ṣì wà nílé digbí, bíi kí olè kó ọjà ìyá mi, kí ìwé ṣì máa sọ pé ọjà wà lórí àtẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ojútùú, ó sì wá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo: apt install --reinstall. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fọwọ́ pa fáìlì tí apt gbé wá rẹ́ mọ́. Kò sí ìwé àjákọ tó lè kọ́ mi ní ìyẹn.

Àṣìṣe orí kọ̀ǹpútà ilé jẹ mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Àṣìṣe orí sáfà jẹ gbogbo ilé-ìwé ní táàmù méjì. Ẹni tó bá ti ṣe èkíní kò ní yá lára láti ṣe èkejì. Àti pé kíkọ́ kò nílò kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá. Àwọn tó ń bẹ̀rù yìí kò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ní orúkọ tirẹ̀ lórí sáfà láìní sudo. Yóò lè tẹ apt list --installed láti ka gbogbo ìdì tó wà níbẹ̀. Yóò lè tẹ apt show láti mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò tiẹ̀ lè tẹ apt remove pẹ̀lú -s, tí apt yóò sì sọ gbogbo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹlẹ̀. Bí ó bá gbàgbé -s, ẹ̀rọ yóò kọ̀ fún un pé kò ní àṣẹ. Ibo ni ewu wà níbẹ̀? Bí ọkùnrin ọjọ́rú yẹn bá ti fi -s síwájú, tó sì ka ohun tó rí, bóyá ni ì bá dé ibi ìbéèrè rárá.

Ohun tí mo ń béèrè kò tóbi. Kí wọ́n ṣí yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ìdápadà, kí olùkọ́ wa wà níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ SS1 máa kà, kí SS2 máa fi -s dánwò, kí wọ́n sì yan ẹni méjì ní SS3 tí yóò ní sudo. Ẹni méjì ni mo wí, torí ọ̀kan yóò máa ka orúkọ àwọn ìdì tó máa lọ sókè ketekete, èkejì kò sì gbọdọ̀ tẹ Y títí tí yóò fi kà á tán. Kí ìwé gígùn kan bíi ti ìyá mi wà lórí tábìlì, kí a máa kọ ohun tí a gbé wọlé àti ohun tí a yọ, àti ìdí rẹ̀, torí history.log lè sọ ohun tí èèyàn ṣe, kò lè sọ ohun tó rò. Ẹnikẹ́ni tó bá wá tún un ṣe láti ìta, kó buwọ́ lu ìwé náà pẹ̀lú, bí ó ti wù kí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun tó.

Bí sáfà náà fúnra rẹ̀ bá ṣì ń ba ọ̀gá àgbà lẹ́rù, kò burú. Kọ̀ǹpútà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá náà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n ń gbé ṣọ́ọ̀kì lé lórí. Sáfà kò nílò ojú. Láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni èèyàn ti ń bá a sọ̀rọ̀. Kí wọ́n fún wa ní ìyẹn, a máa gbé Debian sí i fúnra wa, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa sunkún lé lórí bí ó bá bàjẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ìbéèrè rẹ̀ tẹ̀ sórí fóònù, lálẹ́, lẹ́yìn tó bá ti máàkì iṣẹ́ wa tán. Ó ti dé ìbéèrè kọkànlélógójì.